Àṣẹ seq Lórí Kọ̀ǹpútà àti Ìhun Òǹkà Yorùbá

1. Ìfáárà

Nínú àwọn irinṣẹ́ tí ó wà lórí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ni ó kéré tó èyí tí a ń pè ní seq. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: a ó fún un ní nọ́ńbà, yóò sì máa to nọ́ńbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé ibi tí a ní kí ó dúró. Kò ní àwòrán kankan. Ìlà àṣẹ kan tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ni a fi ń rán an níṣẹ́. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń kọ àpilẹ̀kọ lé lórí nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ó jẹ mọ́ èdè. Ṣùgbọ́n òǹkà ni iṣẹ́ seq, òǹkà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí gírámà Yorùbá ti díjú jù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sábà máa ń jẹyọ nígbà tí àwọn olùkọ́ bá ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà. Àwọn kan a máa sọ pé òǹkà Yorùbá kò bá ayé kọ̀ǹpútà mu nítorí ìyọkúrò tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, pé ó yẹ kí a sọ ọ́ di oní-mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí a bá gbà á, orúkọ tí àwọn baba ńlá wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà yóò di ohun tí a ń kà nínú ìwé ìtàn nìkan. Bí a kò bá sì gbà á, a gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òǹkà náà ní òfin tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí seq ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an nígbà tí ó bá ń kà wé ohun tí Yorùbá ń ṣe, kí ó lè hàn bóyá ẹ̀sùn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

2. Orírun seq

Ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní 1969. Unix jẹ́ ètò tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ètò yòókù sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é kò fẹ́ kí ètò kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ gbogbo, bí ẹni tí ó ń ta aṣọ, tí ó ń ta ata, tí ó tún ń dífá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ètò kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ kan dunjú, kí ó sì lè gbé èso iṣẹ́ rẹ̀ lé ètò mìíràn lọ́wọ́. Douglas McIlroy ni ó dá a lábàá pé kí a máa so àwọn ètò pọ̀ bí ìgbà tí a bá so páìpù omi, ní 1973 ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ sì wọ inú Unix.

Ẹ̀dà Keje Unix, tí ó jáde ní 1979, kò ní seq. Inú Ẹ̀dà Kẹjọ, ti 1985, ni ó ti kọ́kọ́ farahàn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley ti ní àbúrò rẹ̀ kan tí ń jẹ́ jot nínú 4.2BSD ti 1983, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jot kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òde Berkeley. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí ni ti GNU, tí Ulrich Drepper kọ. 1994 ni ọdún tí ó kọ́kọ́ wà lára àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó wà lára àkójọ irinṣẹ́ tí a ń pè ní coreutils, tí ẹ̀dà 5.0 rẹ̀ jáde ní 2003, òun ni ó sì ń bá Linux rìn. NetBSD 3.0 gba seq wọlé ní 2005, FreeBSD 9.0 ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012. Láti ẹ̀dà 6.0 ti 2015 ni fóònù Android náà ti ń gbé seq kiri nínú àkójọ irinṣẹ́ tí ń jẹ́ toybox. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi fóònù tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ni kò mọ̀ pé irinṣẹ́ òǹkà yìí wà nínú àpò òun.

Síbẹ̀, POSIX, tí í ṣe ìwé ìlànà tí ó sọ ohun tí ó pọn dandan kí ètò tí ó bá jọ Unix ní, kò dárúkọ seq. Àìsí nínú ìwé ìlànà yìí ni ó fà á tí seq ibì kan fi ń yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

3. Bí seq ṣe ń ṣiṣẹ́

Nọ́ńbà mẹ́ta ni seq nílò: ìbẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ àti òpin. Ìgbésẹ̀ ni iye tí a ń fi kún nọ́ńbà kan kí a tó dé èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, seq yóò ka èyí sí òpin, yóò sì fi 1 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbésẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ti àárín ni ìgbésẹ̀. Ibi ti àárín yìí ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n máa ń gbé ìgbésẹ̀ sí ìparí. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) seq 5
Èsì: 1 2 3 4 5

(2) seq 11 14
Èsì: 11 12 13 14

(3) seq 20 20 100
Èsì: 20 40 60 80 100

Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń wà lórí ìlà tirẹ̀. Nítorí àyè ni a ṣe tò wọ́n sórí ìlà kan níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn lórí ìlà kan lè fi àmì -s sọ ohun tí yóò pín wọn níyà, ìbáà ṣe àlàfo tàbí kọ́mà.

Àmì -w ń fi òdo ṣáájú kí gbogbo nọ́ńbà lè gùn bákan náà: seq -w 8 11 yóò tẹ 08, 09, 10, 11. Èyí wúlò fún olùkọ́ tí ó bá ń fi ẹ̀rọ ya ojú-ìwé ìwé àfọwọ́kọ kan sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà-lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi to orúkọ fáìlì, kì í wo iye, nítorí náà ojú-ìwé 10 yóò ṣáájú ojú-ìwé 9 bí òdo kò bá sí níwájú 9. Àmì -f, ní tirẹ̀, ń fi ọ̀rọ̀ yí nọ́ńbà ká:

(4) seq -f "Orí %g" 3
Èsì: Orí 1, Orí 2, Orí 3

Ibi tí %g bá wà ni nọ́ńbà yóò bọ́ sí. Ó ní àlébù kan: bí nọ́ńbà bá ti tó mílíọ̀nù kan, %g yóò kọ ọ́ ní 1e+06, èyí tí kò lè yé ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. %.0f ni a ń lò níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀ níwájú, èyí ni pé ibi tí a bá fi %g sí kò lè yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ṣáájú nọ́ńbà àkọ́kọ́, yóò ṣáájú gbogbo wọn.

4. Ibi tí seq ti ń kọsẹ̀

Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá tóbi ju òpin lọ ń kọ́? Bí a bá kọ seq 5 1, ti GNU kò ní tẹ ohunkóhun jáde: ìgbésẹ̀ jẹ́ 1, kò sì sí bí a ó ti máa gòkè láti 5 tí a ó fi bá 1 pàdé. Ti FreeBSD, àti ti kọ̀ǹpútà Apple tí ó bá a tan, yóò gbà pé sísọ̀kalẹ̀ ni a fẹ́, yóò sì tẹ 5 4 3 2 1. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan kọ ètò tí ó ń sọ pé kí ẹ̀rọ ka láti 1 dé iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú kíláàsì, kí ó sì tẹ ìwé èsì ìdánwò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì náà bá ṣófo, òpin yóò jẹ́ 0. Lórí Linux, ìwé kankan kò ní jáde. Lórí Apple, ẹ̀rọ yóò ka 1, yóò ka 0, yóò sì tẹ ìwé èsì méjì fún àwọn tí kò sí. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, seq 5 -1 1, èyí tí gbogbo wọn gbọ́. Ìgbésẹ̀ òdo ni ti GNU kì í gbà rárá, nítorí pé ẹni tí kò bá kúrò lójú kan kò lè dé ibi kankan.

Ìkọsẹ̀ kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òǹkà oní-méjì ni kọ̀ǹpútà ń lò nínú ara rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé 0 àti 1 nìkan ni ó ní. Nínú irú òǹkà bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá, 0.1, kò ṣe é kọ tán, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ti ṣe é kọ tán nínú òǹkà oní-mẹ́wàá: 0.333, kò lópin. Nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ ń tọ́jú kì í ṣe 0.1 gan-an bí kò ṣe nọ́ńbà kan tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bí a bá wá ní kí ó ka láti 0 dé 0.3 ní ìgbésẹ̀ 0.1, ó lè ṣẹlẹ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn fi bín-ín-tín ju 0.3 lọ, kí ẹ̀rọ sì kà á sí ohun tí ó ti kọjá òpin. Àwọn ẹ̀dà seq àtijọ́ a máa fò nọ́ńbà ìkẹyìn báyìí. Àwọn tí ó ń lò ó a sì máa fi òpin sí iwájú díẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń wá.

Ọgbọ́n méjì ni àwọn tí ó ń tún ti GNU ṣe dá sí i. Èkíní ni pé kì í ro ìgbésẹ̀ mọ́ èsì tí ó ṣáájú, nítorí pé àṣìṣe kékeré yóò máa gun orí ara wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń padà sí, tí yóò sọ ìgbésẹ̀ di púpọ̀ ní iye ìgbà tí ó ti kà, tí yóò sì ro ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì wuni láti gbọ́: nígbà tí nọ́ńbà bá fẹ́rẹ̀ kọjá òpin, seq yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ná bí yóò ti rí lójú ènìyàn, yóò tún ohun tí ó kọ náà kà, bí ó bá sì bá òpin dọ́gba, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìrísí nọ́ńbà ni ó fi dájọ́ níbẹ̀, kì í ṣe iye rẹ̀.

Àtúnṣe ńlá mìíràn dé ní coreutils 8.20 ti 2012. Títí di ìgbà náà, irú ìṣirò tí ẹ̀rọ ń lò fún nọ́ńbà tí ó ní ìdá ni seq ń lò fún gbogbo nọ́ńbà, àní fún 1, 2, 3. Ẹ̀dà yìí wá ya nọ́ńbà tí kò ní ìdá sọ́tọ̀, bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 1 tí kò sì sí àmì tí ó ń yí ìrísí padà. Fún àwọn wọ̀nyí, seq kì í ṣe ìṣirò kankan mọ́. Ó kàn ń mú àmì tí ó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà tí ó ti kọ, yóò yí i sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ 9, yóò sọ ọ́ di 0, yóò sì yí àmì tí ó wà lápá òsì rẹ̀. Bí ọmọ kékeré ṣe ń kọ òǹkà sára wàláà gan-an nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè yára tó ìlọ́po àádọ́rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún onímọ̀ èdè: ìkọ̀wé nọ́ńbà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò bí aṣọ tí a kàn fi bo iye lára, ni ẹ̀rọ padà wá gbára lé.

5. Òǹkà Yorùbá nínú dígí seq

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nọ́ńbà ní èdè Yorùbá ni a fẹ́ kí ẹ̀rọ máa tò, dípò àmì 1, 2, 3. Láti oókànlá lọ, ẹyọ tí ó wà nínú orúkọ ń gòkè: oókànlá, eéjìlá, ẹẹ́tàlá, ẹẹ́rìnlá. Ní aárùndínlógún ni òǹkà yí ojú padà. Ogún tí ó wà níwájú ni a ń wò láti ibẹ̀, ẹyọ sì ń sọ̀kalẹ̀: aárùndínlógún, ẹẹ́rìndínlógún, ẹẹ́tàdínlógún, eéjìdínlógún, oókàndínlógún. Iye ń pọ̀ sí i, ẹyọ inú orúkọ ń dín kù. Àṣẹ méjì ni yóò tẹ àwọn ẹyọ náà jáde:

(5) seq 1 4
seq 5 -1 1
Èsì: 1 2 3 4 5 4 3 2 1

Èsì kan náà yìí ni yóò bá 21 dé 29 mu, tí yóò tún bá 31 dé 39 mu, àfi pé "lé" ni ó ń gba ipò "lá". Òfin rẹ̀ kò sì le. Bí ẹyọ tí ó kẹ́yìn nọ́ńbà bá wà láàárín 1 àti 4, kí a rò ó mọ́ ẹ̀wá tí a ti kọjá. Bí ó bá wà láàárín 5 àti 9, kí a yọ ohun tí ó kù kúrò nínú ẹ̀wá tí ó ń bọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe èyí kò ní ju ìlà bíi mẹ́ta lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni àwọn ẹ̀wá fúnra wọn. Ẹ wo àṣẹ méjì wọ̀nyí àti orúkọ tí Yorùbá fún èsì wọn:

(6) seq 60 20 180
ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án

(7) seq 50 20 170
àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún, àádọ́fà, àádóje, àádọ́jọ, àádọ́sàn-án

Ìparí orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú (7) bá ti (6) mu láìsí ìyàtọ̀. Ogún ọ̀nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Àádọ́ta ni ogún ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀wá dín nínú rẹ̀. Bí a bá wá gòkè sí ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ohun kan náà ni a ó bá:

(8) seq 600 200 1400
ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀fà, egbèje

(9) seq 500 200 1300
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje

Bí a bá sì tún gòkè:

(10) seq 4000 2000 8000
ẹgbàajì, ẹgbàata, ẹgbàarin

(11) seq 3000 2000 7000
ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàarin

Ìgbésẹ̀ ni 20, ó di 200, ó di 2000. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìlà kejì fi ìdajì ìgbésẹ̀ dín sí ìlà kìn-ín-ní: 10, 100, 1000. Ẹyọ náà kò yàtọ̀, nítorí pé láàárín ẹ̀wá kan àti èkejì, márùn-ún, tí í ṣe ìdajì, ni òǹkà ti ń yí padà. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òǹkà Yorùbá kò létò ti fi ojú fo èyí.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, tọ́ka sí owó ẹyọ nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Ó ṣàpèjúwe bí àwọn tí ó ń ka owó ẹyọ ṣe máa ń fa á ní márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá ti fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì, tí í ṣe ogún ìgbà, ọgọ́rùn-ún ti pé. Òkìtì méjì irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbá pọ̀ di igba. Márùn-ún, ogún, igba: àwọn ibi tí òǹkà ti ń mí ni wọ̀nyí. Lẹ́yìn rẹ̀, S. A. Ekundayo, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1977, fi hàn pé ìmọ̀ gírámà tí ó wà lórí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó fi ń ṣẹ̀dá orúkọ nọ́ńbà, kì í ṣe pé ó há gbogbo wọn sórí.

Ní ti ìyọkúrò tí a fi ń sun òǹkà Yorùbá lẹ́jọ́, kọ̀ǹpútà gan-an ń ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ tọ́jú nọ́ńbà tí kò ní ìdá tí ó kéré sí òdo, kì í sábà fi àmì ìyọkúrò sí i lára. Bí àyè tí ó ní fún nọ́ńbà náà bá tó iye 256, 251 ni yóò kọ dípò −5: aárùn-ún dín nínú 256. Ìgbésẹ̀ ńlá tí ó wà níwájú ni ó wò, tí ó sì yọ kúrò lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lábàá pé kí a torí èyí da kọ̀ǹpútà nù.

6. Iṣẹ́ tí ó le gan-an

Ibi tí ètò tí yóò máa to orúkọ nọ́ńbà Yorùbá yóò ti làágùn kì í ṣe ìṣirò. Fonọ́lọ́jì ni. Nínú (6), ọgọ́- ni ó wà níwájú, ṣùgbọ́n ogó- ni a rí nínú ogóje, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú ogójì. Àǹkóò fáwẹ́lì ni ó fà á: èjì àti èje ní fáwẹ́lì e, wọn kò sì jẹ́ kí ọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìdí kan náà ni ó mú àádóje àti egbèje yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohùn náà ń yí: mẹ́ta ní ohùn àárín ní ìparí, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní nínú mẹ́tàlá àti mẹ́tàdínlógún. "Ní" ń di l nínú lógún, lọ́gbọ̀n àti láàádọ́ta, ó sì dúró bí ó ti wà nínú nígba. Gbogbo èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ti kọ́ nínú kíláàsì, láìmọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà ni òun ń kọ́.

Lẹ́yìn fonọ́lọ́jì, síńtáàsì. A ń sọ pé ilé mẹ́wàá, ilé mọ́kàndínlógún, ilé mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n ogún ilé ni a ń sọ, àti ọgbọ̀n ilé. Bí ẹnì kan bá wá kọ seq -f "ilé %g" 19 21, inú àwọn mẹ́ta tí yóò jáde, ti àárín kò bá èdè mu bí a bá kà á síta, nítorí pé seq kò lè gbé nọ́ńbà ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì tún dá a padà. Kò sí ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ àgbékalẹ̀ yo_NG tí ó wà lórí Linux fún èdè Yorùbá: orúkọ ọjọ́ àti oṣù wà nínú rẹ̀, orúkọ nọ́ńbà kò sí.

Ìṣòro kan tún wà tí ìyàn yóò pọ̀ lé lórí. Nọ́ńbà kan lè ní ju orúkọ kan lọ. Ọdún tí Ẹ̀dà Keje Unix jáde, 1979, lè jẹ́ ẹgbàá ó dín mọ́kànlélógún. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀sán ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́sàn-án. Méjèèjì tọ̀nà. Aárùndínlógún náà ni ẹ̀ẹ́dógún, aárùndínlọ́gbọ̀n náà ni ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ tí ń to nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, kí ó sì dúró tì í. Yíyàn yìí ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè Yorùbá jókòó tì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jókòó ti àkọtọ́ àti èdè-ìperí. Ó fúyẹ́ púpọ̀ ju kí a wó òǹkà lulẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ní ti àwọn tí kò tẹ̀ lé òfin, wọn kò pọ̀ rárá. Ọgbọ̀n dá dúró. Kò sí ẹni tí ń pè é ní àádójì. Igba kì í ṣe ogún ọ̀nà mẹ́wàá lẹ́nu wa bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò, ọ̀ọ́dúnrún àti irinwó náà sì ní orúkọ tiwọn. Ètò kọ̀ǹpútà lè há àwọn wọ̀nyí sórí bí ọmọ ṣe ń há wọn sórí. Èyí tí ó gba àfiyèsí nínú wọn ni ohun tí igba ṣe sí aládùúgbò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ọgọ́wàá, kò lè sí àádọ́wàá. Nítorí náà 190 kò ní orúkọ irú èyí tí ó wà nínú (7), igba ó dín mẹ́wàá ni. Láti 185 lọ, gbogbo nọ́ńbà ni ó ń ti ọ̀dọ̀ igba kà sẹ́yìn: 185 ni igba ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 186 ni igba ó dín mẹ́rìnlá, títí dé 199, igba ó dín kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn iye tí a ń yọ kúrò nínú igba yìí ní ẹsẹẹsẹ, seq 15 -1 1 ni kí ó tẹ̀.